Ilé Pákó Etí Omi

Ìyá Mansur,

Ṣé ara ìwọ àti àwọn ọmọ le ní Ṣakí? Èmi náà wà, àfi èjìká tó ń ro mí díẹ̀.

O ní kí n ya fọ́tò ilé tí mo ń gbé ní Badia, kí o tó kó àwọn ọmọ bọ̀ lẹ́yìn Iléyá. Kámẹ́rà fóònù mi ti bàjẹ́. Fọ́tò àtijọ́ tí mo fi rán dírẹ́bà sí ọ ni kí o máa wò ná. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ kan tí a já nínú kọ̀nténà ní Àpápá ni mo ti rí i. Òyìnbó ayé àtijọ́ ló kọ́ ilé pákó inú rẹ̀ sí ẹsẹ̀ òkè, létí adágún omi. Pákó ni tiwa náà, omi sì sún mọ́ wa dáadáa. Òkè nìkan ni kò sí.

Má bínú pé omi ti ba ìsàlẹ̀ fọ́tò náà jẹ́. Ara ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ kí òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá tó rọ̀.

Jẹ́ kí àwọn ọmọ parí ìwé ọdún yìí lọ́hùn-ún ná. Bá mi kí Màámi. Fi òkè inú fọ́tò náà han àwọn ọmọ, kí o fọwọ́ bo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Èmi ni,
Wàhábì