Àna Mi Ló Ń Yọ Nínú Fóònù

Ìsarà Rẹ́mọ,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Ọládàpọ̀ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o jí, ṣé ara ìyàwó rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ò yọ yín lẹ́nu? Olúwa kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ̀ ní Èkó. Àwa náà wà níbí, ewúrẹ́ ará ilé kejì ló jẹ ìdajì ẹ̀gẹ́ mi, mo sì ti bá wọn sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé láti Ọjọ́bọ̀ ni ìyá ìyàwó rẹ ti ń pè mí lórí Wàsáàpù. Bí fóònù bá ti dún, òun ni mo máa ń rí, iyùn ọ̀wọ́ mẹ́ta lọ́rùn, dígí lójú, ó fara ti mọ́tò ẹni ẹlẹ́ni. Obì ló ń tà ní Ṣàgámù, n kò mọ ohun tó ń fi dígí kà lára obì. Ṣùgbọ́n àna ni, n kò lè fi orí lásán dá a lóhùn, mo máa ń sáré wá gèlè, kí n tó wé e tán, ó ti dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Mo ní ìyá yìí ò tiẹ̀ ní sùúrù.

Àfi lánàá tí Fàdìlàt, ọmọ aládùúgbò wa, wò ó, tó ní, “Màmá, Bùrọ̀dá Dàpọ̀ ló ń pè yín látọjọ́ yìí. Fọ́tò ìyá ìyàwó wọn ni wọ́n fi sójú Wàsáàpù wọn, torí ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún màmá yẹn.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Fọ́tò bàbá rẹ ṣì wà lókè ilẹ̀kùn pálọ̀ wa, ẹni tó bá wọlé ti mọ ilé ẹni tó wọ̀. Bó bá jẹ́ pé ìṣó kan ṣoṣo ni fóònù ní, ta ló yẹ kí o kọ́ sí i? Èmi náà pé ọgọ́ta, káàdì ìpe fóònù lo fi ránṣẹ́. N kò jowú o. Mo kàn ń bi ọ́ ni, ṣé òun ló pọ̀n ọ́ dé ilé ìwòsàn ní Ìkẹ́nnẹ́ nígbà tí ibà dá ọ dùbúlẹ̀?

Mo ti bá onífọ́tò sọ̀rọ̀. Fi owó ránṣẹ́, èyí tí yóò tó fọ́tò àti iyùn tí màá yá. Ọ̀wọ́ mẹ́rin ni mo fẹ́. Ó ní mọ́tò kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù òun tí àwọn èèyàn máa ń fara tì, mo ní kó bá mi nù ún.

Olúwa yóò ṣọ́ ọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, àwọn ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ ju bí o ti ń tọ́jú mi lọ. Má wulẹ̀ pè mí báyìí, n kò ní gbé e. Ọjọ́ tí mo bá wo fóònù tí mo rí i pé èmi ló ń pè mí, màá gbé e.

Èmi ni ìyá tó bí ọ gan-an,
Kòfowórọlá.