Mọ́kàndínlógún Nínú Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n

Dallae ọmọ mi,

Ṣé o ti jẹun? Ṣé iná abẹ́ ilẹ̀ yàrá rẹ ń mú ilé gbóná dáadáa? Èmi wà níbí, mò ń mí. Kí òtútù ọdún yìí má rí ọ gbé ṣe ní Seoul, kí ọkọ̀ abẹ́lẹ̀ tí ò ń wọ̀ máa gbé ọ lọ kó sì máa gbé ọ bọ̀, kí ìyá rẹ tó ti lọ máa ṣọ́ ọ láti ibi tó wà.

A ti ká èso gam tán lórí igi ẹ̀yìnkùlé. Mo bó o, mo so ó rọ̀ sábẹ́ òrùlé kó lè gbẹ bí ìyá rẹ ṣe máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n okùn tèmi kò tọ́, Ìyá Gapsu aládùúgbò wa sì ní ó dà bí aṣọ tí ọ̀mùtí sá. Ajá wa bí mẹ́ta, gbogbo wọn ló ń pariwo.

Ó di oṣù méjì tí o kò gbé fóònù mi. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà ni mo ń pè ọ́, obìnrin kan ló sì máa ń dáhùn pé o kò lè gbé e, kí n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ìyá Gapsu ti ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀rọ ni, mo gbà, ṣùgbọ́n èèyàn kò lè gbọ́ ohùn obìnrin kó má kí i, nítorí náà mo máa ń kí i, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi wò bóyá ò ń jẹun. Kò tíì fún mi lésì.

Mo mọ ohun tó fà á. Lọ́jọ́ tí o pè kẹ́yìn, o ní oorun kò wá mọ́, o ní ẹkún máa ń gbọ̀n ọ́ níbi iṣẹ́ láìsí ẹni tó bú ọ, o ní o lọ bèèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn èèyàn, wákàtí kan sì tó owó àpò ìrẹsì kan, apá rẹ kò ká a. Èmi wá ní irú ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n ń sọ tó tó àpò ìrẹsì, kí o jẹun kí o sùn, ìyá rẹ gbin ìrẹsì tòun ti oyún rẹ, kò sì sunkún. O ní ó dáa, o pa fóònù. Irọ́ ni mo pa, Dallae. Ìyá rẹ sunkún, èmi ni mi ò bi í léèrè ohun tó ń pa á lẹ́kún.

Nígbà tí baálẹ̀ wa wá kéde lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé ilé ìlera ìjọba ti ṣí ibi tí èèyàn ti lè lọ sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹjọ fún ẹnì kan láìsan kọ́bọ̀, mo ní kí n lọ gba tìrẹ bá ọ, bí mo ṣe máa ń di kimchi oníkábéèjì rẹ sínú páálí tí mo ń fi ránṣẹ́. Mo sọ fún àwọn ará abúlé pé eyín ni mò ń lọ tọ́jú. Ìyá Gapsu bi mí pé eyín wo, mélòó ló kù lẹ́nu mi.

Ọmọbìnrin tó tó ọ lọ́jọ́ orí ni mo bá níbẹ̀, Arábìnrin Pyo. Ó fún mi ní ìwé oníbéèrè mẹ́sàn-án, mo kọ orúkọ rẹ sí i lókè. Wọ́n ń bèèrè bóyá oorun ń wá, bóyá oúnjẹ ń dùn lẹ́nu, títí dé ìkẹsàn-án tó ń bèèrè bóyá ó máa ń ṣe èèyàn bíi kó má jí mọ́. Òdo dé ẹẹ́ta ni máàkì ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ojú tì mí pé mi ò mọ bí o ṣe ń sùn, mo wá rò ó pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá, mo bá fi ara tèmi dáhùn. Ìwọ tó o máa ń gba ipò kìíní nílé ìwé, mi ò fẹ́ kí o fìdí rẹmi nítorí mi, nítorí náà mi ò fi ohunkóhun pamọ́. Mo gba mọ́kàndínlógún nínú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò gba irú máàkì bẹ́ẹ̀ rí, mo ń retí kó pàtẹ́wọ́. Ńṣe ló fi bírò sílẹ̀, ó sún àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Níbi tí wọ́n ní kí èèyàn ti ṣàlàyé, mo ti kọ ọ́ pé ẹni náà ṣì ń tẹ́ ibùsùn méjì lálaalẹ́, ó sì ń ká ọ̀kan láàárọ̀ láìsí ẹni tó sùn lé e. Ó bi mí bóyá Dallae ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Seoul.

Mo ti mú gam gbígbẹ dání fún un, ó ní òfin kò gbà kí àwọn gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn. Mo ní òfin kò tíì tọ́ ọ wò ni. Ó rẹ́rìn-ín, kò sì gbà á. Kí ojú má bàa ti gam náà, mo jókòó, mo ń jẹ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, láàárín ọ̀kan sí èkejì mò ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ fún un, mo ti jẹ méje kí n tó mọ̀ pé omi ń dà lójú mi.

Lọ́jọ́ kejì ó wá sílé, ó ti kọ́bọ́ọ̀dù oògùn apakòkòrò wa pa, ó sì fún Ìyá Gapsu ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní bí ọ́fíìsì àwọn ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mo ti kọ eéjì sí ìbéèrè kẹsàn-án, nítorí náà mi ò bá a jiyàn. Ní báyìí, bí mo bá fẹ́ fín oògùn sí kábéèjì, ọbẹ̀ ni Ìyá Gapsu máa kọ́kọ́ gbé ka iwájú mi, ó di ìgbà tí mo bá jẹ ẹ́ tán kó tó dá mi lóhùn, ó sì máa tẹ̀ lé mi lọ sóko.

Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo bẹ Arábìnrin Pyo pé kó fi mẹ́rin tó kù ránṣẹ́ sí ọ, ó ní tèmi ni, kò ṣeé dì sínú páálí. Ṣùgbọ́n ó ní irú ọ́fíìsì yìí wà ní àdúgbò rẹ níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ó sì pè wọ́n níṣojú mi. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ara rẹ ni kí o fi wá. Ibi tí wọ́n wà àti nọ́ńbà wọn ni mo ká sínú lẹ́tà yìí. Jọ̀wọ́, lọ. Bí ìwọ náà bá gba mọ́kàndínlógún, má yangàn bíi tèmi. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn kò dáa, mo tọrọ àforíjì.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Fi owó ránṣẹ́ sí mi, won kan ṣoṣo tí kò lè ra nǹkan kan. Ọmọbìnrin tó wà ní báǹkì sọ pé bí owó bá wọlé, ẹ̀rọ máa tẹ orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ sínú ìwé báǹkì mi, ẹni náà sì lè kọ ohun tó bá wù ú síbi orúkọ, bí kò bá ti gùn. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni mò ń ki ìwé náà bọ ẹ̀rọ lẹ́nu, owó iná tí wọ́n yọ nìkan ló ń tẹ̀ fún mi, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o kò bá fẹ́ gbọ́ ohùn mi, má pè. Fi won kan ránṣẹ́, kí o kọ ọ́ síbi orúkọ pé: Mo ti jẹun.

Kí oorun rántí ilé rẹ. Kí oúnjẹ dùn lẹ́nu rẹ. Kí o pẹ́ jù mí lọ láyé, Dallae, kí o pẹ́ gan-an. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná ọjà wa, bí èyí tó ń bọ̀ kò bá mú nǹkan wá, màá tún lọ ní èyí tó tẹ̀ lé e.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.