Búrẹ́dì Ọjọ́ Ètùtù

Jerúsálẹ́mù,
Ọjọ́ tó tẹ̀ lé Ọjọ́ Ètùtù.

Bátíà, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti ọkọ rẹ wà ní Háífà? Mo gbà pé ara yín le. Ara tèmi yá gágá. Kó o tó ka ohunkóhun mìíràn: bàbá rẹ wà láàyè, ó ń hanrun nínú yàrá báyìí. Nu omijé rẹ nù.

Ẹkún tí o sun lórí fóònù pé kí bàbá rẹ má gbààwẹ̀ ò já sásán. Kí ààwẹ̀ tó wọlé, mo mú bàbá rẹ lọ bá Rábì Gedalíà. Rábì ní ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀; kó máa jẹ díẹ̀díẹ̀, kó máa sinmi láàárín, pé àṣẹ Ọlọ́run fún un nìyẹn. Bàbá rẹ mi orí pé òun gbọ́. Mo mọ ọkọ mi. Irọ́ ni orí yẹn ń pa.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti wọ aṣọ funfun àti bàtà rọ́bà tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ààwẹ̀, ó ní sínágọ́gù yá. Mo gbé búrẹ́dì tí mo ti gé wẹ́wẹ́ síwájú rẹ̀. Ó taari àwo. Ó ní láti ìgbà tí òun ti tó ọkùnrin òun ò jẹun lọ́jọ́ yìí rí, ṣé ẹnu tó jẹun ni òun fẹ́ fi tọrọ ìdáríjì? Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, òógùn ti bò ó. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó rí i.

Mo mú ègé kan, mo gbé e dé ètè ara mi. Mo ní, “Bàbá Bátíà, èmi náà ò jẹun lọ́jọ́ yìí rí. Bí ẹ ò bá jẹ ẹ́, èmi á jẹ ẹ́, ọrùn yín sì ni ẹ̀ṣẹ̀ mi máa wà.”

Ó mọ̀ pé mi ò kí ń halẹ̀ lásán. Ó já a gbà lọ́wọ́ mi, ó jẹ ẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà àdúrà ìkẹyìn ní sínágọ́gù, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi dúró, ohùn rẹ̀ sì bo tàwọn ọ̀dọ́ mọ́lẹ̀ títí wọ́n fi fun ìwo àgbò tó parí ààwẹ̀.

Ọlọ́run á kọ orúkọ yín sínú ìwé ìyè. Ọdún tuntun yìí á tura fún yín.

Èmi ni ìyá rẹ tí kì í gba gbẹ̀rẹ́,
Símà.

Àfikún: bàbá rẹ ti jí. Ó ní kí n kọ ọ́ fún ọ pé nínú gbogbo ààwẹ̀ tí òun ti gbà láyé, èyí tí òun jẹ búrẹ́dì nínú rẹ̀ yìí ló le jù.