Àdúà Tí A Ṣe Pé Kí O Má Fò Ga

Èsìẹ́,
Ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá, 1986.

Abdulrasaq, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Àwa náà wà, a dúpẹ́, bí kì í bá ṣe ti orúnkún ìyá rẹ tó tún ń ro ó. A ti ń wa iṣu, ó ta díẹ̀. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ fún wa.

A rí fọ́tò tí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dá ọ dúró níbi iṣẹ́ epo, inú wa bàjẹ́, nítorí náà nígbà tí o ní o ti rí òmíràn, pé o ń fò kiri Èkó láti polówó ọṣẹ, a yọ̀, àfi ìgbà tí a rí i pé àga onítáyà mẹ́ta lásán ni o jókòó lé, aṣọ ló gbé e dúró lókè, fáànù ńlá sì wà lẹ́yìn rẹ. Ìyá rẹ ní ó dáa bí wọ́n ṣe fún ọ ní fáànù, torí o máa ń làágùn.

Mo bá fa òbúkọ kan lọ bá Àáfà Abdulkadir tó sọ ọ́ lórúkọ. A ṣe sàráà, mo ní kí wọ́n bẹ Ọlọ́run kí o má fò kọjá orí ọ̀pẹ láéláé, pé bí o bá tilẹ̀ já bọ́, ilẹ̀ ò ní jìnnà. Ogún ènìyàn ló ṣe àmín.

Àfi bí lẹ́tà rẹ ṣe dé lánàá, o ní kí ọkàn wa balẹ̀, pé ìsàlẹ̀ ló léwu ju òkè lọ: igi, òpó, wáyà iná tí ojú kì í tètè rí, àti pé bí ẹ́ńjìnnì bá kú nísàlẹ̀, kò ní sí àyè láti wá ibi tí wàá balẹ̀ sí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kò yé mi síbẹ̀. Ti wáyà, tiwa níbí kò lè ṣe ọ́ ní nǹkan kan, ó ti pé ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti ta á sórí òpó, iná ò tíì gba ibẹ̀ kọjá. Ti Èkó ni kí o sá fún.

Mo sáré padà lọ bá Àáfà pé kí wọ́n bá mi gba àdúà yẹn padà. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, àfi kí a ṣe òmíràn lé e lórí. Òbúkọ kejì nìyẹn, mi ò sì ní. Jọ̀ọ́, bí owó bá wà, fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Kí o sì fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ sínú ìwé, báwo gan-an ni kí a ní kí o ga tó, kí n má tún tọrọ èyí tí kò yẹ. Kí a tó ṣe é, máa fi ẹsẹ̀ rìn polówó ọṣẹ náà ní títì.

Ọlọ́run mọ̀ pé ẹ̀rù ló bà mí. Kí Ó má gbọ́ ti àkọ́kọ́ yẹn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàlíhù.