Ọkọ̀ Tí A Da Òróró Sí Kì Í Ṣe Tiwa

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ìfaradà, ẹ kú ẹnu aráyé. Mo kí ẹ̀gbọ́n Bàámi ní Ìgbàrà-Òkè, mo kí àbúrò mi Ṣẹ́gun tó ń gbé oúnjẹ Bàámi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ mọ̀ pé ìwé mi kò ju alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, ojú sì máa ń tì mí láti sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ṣùgbọ́n gbangba la ti jó nítorí ọkọ̀ yẹn, gbangba náà ni mo fẹ́ sọ ọ́.

Òtútù òkè òkun níbí ń wọ eegun. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn wọn. Kí n tó délé, ọkọ mi á ti jáde lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀. Ìyàwó tuntun ni mí o, Màámi, síbẹ̀ ìrọ̀rí ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Owó tí à ń rí, ilé àti iná ló ń gbé e mì. Níbo la ti fẹ́ rówó ra irú ọkọ̀ yẹn?

Ọkọ̀ náà kì í ṣe tiwa. Ọkùnrin kan wà ní Àkúrẹ́ tó ń fi ọkọ̀ háyà fún àwọn tó bá ti òkè òkun wálé. Wọ́n á lò ó fúngbà díẹ̀, wọ́n á dá a padà kí wọ́n tó wọ bàálù. Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti gbà á nígbà ìgbéyàwó wa. Ó lóun fẹ́ sọ fún Bàámi, àmọ́ kóun tó sọ̀ kalẹ̀, Bàámi ti ń ké sí àwọn ará àdúgbò pé kí wọ́n wá wo ẹṣin tí àna òun gùn wá. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, pásítọ̀ da òróró sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, Bàámi sì fọwọ́ ara wọn lẹ sítíkà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, kò lè yanu. Nígbà tí a fẹ́ padà síbí, ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ní Àkúrẹ́ ni yóò máa bá wa tọ́jú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ló sọ fún wa. Èmi náà gbà á gbọ́.

Sítíkà yẹn ni Bàámi rí nígbà tí wọ́n lọ ra oògùn kòkó ní Àkúrẹ́. Wọ́n rí àjèjì nídìí ọkọ̀ àna wọn, wọ́n ké olè. Ẹ mọ ohun tí igbe yẹn ń ṣe lọ́jà. Màámi, ọkùnrin yẹn kì í jalè. Èèyàn bíi ọkọ mi ni, ó wálé wá sin ìyá rẹ̀ ní Ìta-Ògbólú, òun náà sì háyà ọkọ̀ ni. Àwọn èrò ọjà ṣẹ́ ẹ lápá, ọlọ́pàá sì mú Bàámi. Òun wà lórí ibùsùn ọsibítù, ìyá rẹ̀ ṣì wà ní mọ́ṣúárì.

Ìgbà tí Ṣẹ́gun pè wá ni ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó jẹ́wọ́ fún mi. Ó ní ẹ̀rù ló ba òun, kí Bàámi má lọ gbà mí padà. Mo ní ṣebí kó tó gbé ọkọ̀ kankan wọ Oǹdó ni Bàámi ti fi mí fún un.

Ṣẹ́gun ní ẹbí ọkùnrin náà ṣèlérí pé bí Bàámi bá lè tọrọ àforíjì, àwọn á jáwọ́ nínú ẹjọ́. Bàámi ní láéláé, àwọn kò ní dọ̀bálẹ̀ fún olè, àwọn kò sì ní sọ àna àwọn di òpùrọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka lẹ́tà yìí sí wọn létí. Àna wọn fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Kí wọ́n lọ bẹ̀bẹ̀, kí ọmọ ọlọ́mọ lè rójú sin ìyá rẹ̀.

Ìrètí mi kò tíì kú. Bí a bá ń bọ̀ wálé, bọ́ọ̀sì èrò la máa wọ̀ láti Àkúrẹ́. Ẹ wá pàdé wa ní gáréèjì, ẹ má tijú. Kí Bàámi mú òróró dání, kí wọ́n dà á sórí ọkọ mi. Òun ni tiwọn. Òun nìkan la mú wá tí a kò ní dá padà fún ẹnikẹ́ni.

Ọlọ́run á yọ yín nínú ìtìjú yìí. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, tàgbà tèwe.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ̀sẹ̀dé