Owó Orí Kámẹ́rà Bàbá Yín

Ojúlé Kọkànlá,
Àdúgbò Lásùnwọ̀n,
Ìkòròdú.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, ọdún 2009.

Làtífátù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Tìmílẹ́hìn ọkọ rẹ, mo sì kí ọmọ yín. Ṣé ara yín le? Ṣé iṣẹ́ olùkọ́ ò pọ̀ jù fún yín ní Ẹ̀pẹ́? Bí àlàáfíà bá wà lọ́dọ̀ yín, ìyẹn ti tó mi. Ní tèmi, mò ń jẹun, mo sì ń kírun lásìkò. Orúnkún ọ̀tún ló ń yọ mí lẹ́nu tí mo bá fẹ́ dìde, ó sì ti rẹ̀ mí, àárẹ̀ tí oorun ò lè gbà kúrò lára èèyàn.

Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ nígbà tí fóònù wà. Oṣù mẹ́rin rèé tí a ti gbọ́ ohùn ara wa kẹ́yìn. Lọ́jọ́ yẹn o sọ fún mi pé, "Màámi, ẹ ti ta bàbá mi." Mo pa fóònù náà, n kò sì tún pè ọ́. Ìwọ náà ò pè mí. Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí gùn, bí mo bá sì sọ ọ́ lẹ́nu, mo mọ ara mi, inú á bí mi láàárín ọ̀rọ̀, màá sì bà á jẹ́. Jọ̀ọ́, jókòó kà á tán.

Nígbà tí bàbá yín kú, gbogbo wa la fọkàn sí owó ìfẹ̀yìntì wọn. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe akọ̀wé ibi ìkẹ́rùsí fún ọdún méjìlélógún ti kógbá sílé kí wọ́n tó kú, kò sì sí ẹnikẹ́ni tí mo lè bi léèrè mọ́ àfi mẹ́gáàdì ẹnu géètì. Èmi náà ní owó ìfẹ̀yìntì díẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀, ìwọ náà mọ bó ṣe kéré tó. Òjò ọdún tó kọjá ṣí páànù ìyàrá ẹ̀yìn. Mi ò sọ fún ẹ nítorí pé ẹ̀ ń kọ́lé tiyín.

Ìbíjọkẹ́, ọ̀rẹ́ mi tó ṣí kafé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, ló sọ pé àwọn èèyàn ń ta ẹrù ilé wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Ìyá Làtí, ohun tí ẹnìkan ń wá kiri wà nínú yàrá rẹ níbi tí eruku ti ń bò ó." Ó wá sílé, ó ya fótò àwọn ẹrù bàbá yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ iye tí mo fẹ́ gbà sábẹ́ wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọkùnrin kan láti Ìbàdàn ti ra gbogbo àwo orin bàbá yín. Lẹ́yìn náà ni rédíò ńlá yẹn, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti kóòtù wọn méjèèjì. Orí àwo orin yẹn ni èmi àti ìwọ ti jà. Lẹ́yìn ìjà wa ni mo ta kámẹ́rà wọn, òun ló gbẹ̀yìn. Mo fi owó náà kan páànù. Mi ò ná kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ fún aṣọ tàbí fún òde.

Ohun kan wà tí o kò mọ̀. Nígbà tí ẹrù tiwa ń tán lọ, àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tiwọn wá. Fíríìjì, kẹ̀kẹ́ ọmọdé, wíìgì, àga. Èmi àti Ìbíjọkẹ́ ń bá wọn tà á, a sì ń yọ èrè tiwa. Mo ń sọ fún ara mi pé mò ń ran ará àdúgbò lọ́wọ́ ni. Òwò ni mò ń ṣe, Làtífátù, mo kàn ń tijú láti pè é bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹta, àwọn ẹbí bàbá yín rán ẹnìkan wá láti béèrè pé orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilé yìí. Wọn ò jà, wọ́n kàn béèrè, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà. Mo sáré lọ wádìí bí a ṣe lè yí ìwé ilẹ̀ náà sí orúkọ èmi àti ìwọ. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ní kí n mú wá ni ìwé ẹ̀rí pé mo ti san owó orí ọdún mẹ́ta. Ìyẹn ló gbé mi dé iwájú fọ́ọ̀mù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Ibì kan wà nínú fọ́ọ̀mù náà tó ní kí n kọ gbogbo owó mìíràn tó ti wọlé fún mi. Ìbíjọkẹ́ ní kí n kọ "kò sí." Ó ní, "Ta ló rí ẹ? Orí afẹ́fẹ́ lo ti ta á." Mo kọ "kò sí," mo sì fi biro tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo gbé fọ́ọ̀mù náà dé ọ́fíìsì, mo tò sórí ìlà, ó ku èèyàn méjì níwájú mi, mo bá yíjú padà sílé.

Ìwọ mọ iṣẹ́ tí mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́fà ni mo fi já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ń tajà ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n tó gbé mi padà wá sí Ìkòròdú. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó máa ń fi aṣọ bo ẹja yíyan rẹ̀ tó bá ti rí mi. Á ní, "Ìyá onítíkẹ́ẹ̀tì, ẹja ilé mi ni, mi ò tà á." Mo máa ń ṣí aṣọ náà fúnra mi, màá ka ẹja náà lójú gbogbo èèyàn, màá sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni mo ń rí lórí ìlà yẹn. Bí mo bá kọ "kò sí," kí wá ni mo lọ fi ojú ìyá yẹn gbolẹ̀ fún?

Mo gba fọ́ọ̀mù mìíràn. Òṣìṣẹ́ tí mo bá ní ọ́fíìsì owó orí náà ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Adéòjó, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń fi aṣọ nu awò ojú rẹ̀ kó tó dáhùn ọ̀rọ̀. Ó ní, "Mà, kì í ṣe gbogbo ohun tí èèyàn tà ló jẹ́ èrè. Ẹ lọ mú rìsíìtì iye tí ẹ ra ẹrù tiyín wá. Ti àwọn aládùúgbò yẹn ni òwò, ẹ máa kọ ọ́ sọ́tọ̀. Kí ẹ tún mú ìwé báǹkì yín wá, ká lè rí ẹni tó san owó kọ̀ọ̀kan."

Bàbá yín kì í ju ìwé nù. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó sílẹ̀ lórí ẹní tí mò ń tú páálí wọn. Mo rí rìsíìtì kámẹ́rà náà: ọdún 1981, igba náírà lé ogójì. Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n rà á, nítorí pé gààrí la jẹ títí oṣù yẹn fi parí. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Adéòjó rí i, ó ní, "Igba náírà lé ogójì lẹ rà á, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n lẹ tà á. Èrè ńlá nìyí, mà." Mo ní, "Owó oṣù méjì ni igba náírà lé ogójì nígbà yẹn. Kí lẹ fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n rà lónìí?" Ó tún nu awò rẹ̀. Ó ní, "Ohun tó wà nínú ìwé ni mò ń wò, mà. Mi ò lè kọ bí náírà ṣe dà sínú ẹ̀." Mi ò bá a jà. Èmi náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí èèyàn rí.

Ìgbà yẹn ló ṣí ìwé báǹkì mi, ó sì ń fi ìka tẹ̀ lé orúkọ àwọn tó sanwó. Ẹni tó bá wa sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nípa kámẹ́rà náà pe ara rẹ̀ ní Mobọ́lájí. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ló kọ́kọ́ dá lé e, èmi ń béèrè márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n. Ó tètè gbà. Bó ṣe tètè gbà yẹn ni ojúkòkòrò bá wọ̀ mí. Mo ní kí Ìbíjọkẹ́ kọ ọ́ pé ẹlòmíràn ti fẹ́ san ọgbọ̀n. Irọ́ ni, kò sí ẹlòmíràn kankan. Ẹni náà san ọgbọ̀n láìjanpata, ó ní kí n fi kámẹ́rà náà rán awakọ̀ sí gáréèjì Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀pẹ́ tóbi, mi ò ro nǹkan kan sí i.

Ìka Ọ̀gbẹ́ni Adéòjó wá dúró. Orúkọ ẹni tó san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náà sí báǹkì ni Fábíyìí Tìmílẹ́hìn.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ mọ ẹni yìí, mà?" Mo ní ọkọ ọmọ mi ni. Ó gbé biro rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Tó bá jẹ́ pé ẹ̀bùn ni wọ́n fún yín, tí ẹ̀yin náà fi kámẹ́rà ta wọ́n lọ́rẹ, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nìyẹn. Ṣé ẹ̀bùn ni àbí ọjà?"

Ó ń ràn mí lọ́wọ́ ni, mo sì mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ. Mo ń rò ó pé lẹ́yìn tí mo pa fóònù mọ́ ọ létí, o lọ wá owó, o fi orúkọ olórúkọ bò ó, kí kámẹ́rà bàbá rẹ má baà bọ́ sọ́wọ́ àjèjì, kí páànù orí mi náà sì lè wà níbẹ̀. Èmi wá ń purọ́ mọ́ ọ, kí n lè gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún sí i.

Mo ní, "Ọjà ni. Mo ná an mọ́ wọn lọ́wọ́." Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ti san owó orí náà, ti òwò àti ti kámẹ́rà. Ó gbá gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ mi lọ, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí náà ti jáde, orúkọ rẹ yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi lórí ìwé ilé yìí. Ẹni tí àwọn ẹbí bàbá yín bá tún rán wá, màá gbé àga fún un.

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí mo fi irọ́ gbà wà nínú lẹ́tà yìí. Ìyá Tọ́héébù aláṣọ, tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, ló bá mi mú un wá. Má dá a padà. Èyí tó kù, mo ti jẹ ẹ́, mi ò ní ṣe bí ẹni pé mi ò jẹ ẹ́. Dárí ọ̀rọ̀ àwo orin yẹn jì mí. Ó yẹ kí n bi ọ́ kí n tó tà á. Tìmílẹ́hìn náà ńkọ́, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Má jẹ̀ẹ́ kó máa tijú mi.

Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí ẹ̀yin náà ta ohun tí ẹ fẹ́ràn kí ẹ tó kan páànù. Yóò fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti ọwọ́ tó kún, ọmọ yín yóò tọ́jú yín bí o ṣe tọ́jú mi láìjẹ́ kí n mọ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ,
Hàbíbàt Sàlàkọ́.

Mo tún rántí: bí ẹ bá fẹ́ lo kámẹ́rà náà, bọ́tìnì òkè máa ń há. Ẹ má fi ipá tẹ̀ ẹ́. Bàbá yín máa ń fẹ́ èémí gbígbóná sí i lẹ́ẹ̀kan, wọn á dúró díẹ̀, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ya ọmọ yín, kí ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi.