Oṣù Méjì Tí Afẹ́fẹ́ Òkè Ń Sinmi

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹwàá
Orí ń fọ́ mi. Láti àárọ̀ ni mo ti dojú kọ afẹ́fẹ́ àwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì — kì í ṣe èyí tó ń mi igi o, èyí tó wà lókè réré níbi tí ọkọ̀ òfuurufú ń gbà. Bàbá, ọ̀gá wa àtijọ́ tí wọ́n kọ́ mi níṣẹ́, ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn, ó lé lógún ọdún tí gbogbo wa ti ń kà á: lóṣù keje àti ìkẹjọ, afẹ́fẹ́ òkè máa ń sinmi. Ìyẹn ló sọ wọ́n di Bàbá Afẹ́fẹ́ lẹ́nu wa.
Ó yẹ kí n kàn fìdí ẹ̀ múlẹ̀, kí n kọjá. Kò fìdí múlẹ̀.

Ọjọ́rú, 5
Mo rí i. Ì bá dáa kí n má rí i.
Bàlúùnù ni wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ nígbà tí Bàbá ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á jù ú sókè, ẹ̀rọ á máa tẹ̀lé e. Bí afẹ́fẹ́ bá le jù, á gbé e lọ, ẹ̀rọ ò ní rí i mọ́, wọ́n á fi àyè ọjọ́ yẹn sílẹ̀ lófìfo. Lóṣù keje àti ìkẹjọ, òfìfo ló pọ̀ jù. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ rọ̀ nìkan ni Bàbá rí kà. Mo wo ti sátẹ́láìtì: oṣù méjì yẹn gan-an ló le jù lọ́dún.
Ìsinmi kankan ò sí níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6
N kò sọ fún ẹnì kankan.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mo sọ fún Kíákíá. (Ọ̀gá wa tuntun, àbúrò mi lọ́jọ́ orí. Kò sí iṣẹ́ tí kì í fẹ́ kó ti parí lánàá.) Ó ní kí n kọ ọ́ kó tó di ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, pé máàpù wa làwọn awakọ̀ òfuurufú ń wò. Òótọ́ ni. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí Bàbá. Ó ní, "Bàbá tí ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì? Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe sí i?"
Ọkọ mi ní kí n gbé e mì títí Bàbá á fi lọ. "Ẹyin lọ̀rọ̀ o." Ó padà sídìí oúnjẹ rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Mo lọ. Oògùn ń rùn nínú yàrá. Ìdajì ojú Bàbá ti wọ́ sílẹ̀ láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n, ṣùgbọ́n ọpọlọ wọn mú bí abẹ. Màmá — ìyàwó wọn — gbé àga fún mi. Bàbá ní, "Ọmọ mi, afẹ́fẹ́ ńkọ́?" Bí wọ́n ṣe ń kí mi nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti wọ ọ́fíìsì wọn, tí n kò mọ nǹkan kan.
Mo sọ ọ́. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ni mò ń wò.
Bàbá ní, "Ẹni tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́ ló wá pa orúkọ mi rẹ́." Wọ́n kọjú sógiri. Màmá sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Wọn ò sọ pé ó dàbọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Mo tún pè. Màmá ò gbé e. Ojú ń tì mí, bẹ́ẹ̀ n kò jalè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25
Mo fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́. Orúkọ Bàbá ló ṣáájú tèmi. Kíákíá ní kí n yọ ọ́ — n kò yọ ọ́. Ó ṣì kí mi kú iṣẹ́. Mo lọ ti ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ mọ́ra, mo sunkún.

Ọjọ́bọ̀, 27
Màmá pè, wọ́n ní kí n tètè máa bọ̀. Àrùn náà tún ti kọlu Bàbá láàárọ̀. Bàbá ò lè sọ̀rọ̀ mọ́.
Màmá jókòó tì mí. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí mo ti lọ, Bàbá ò jẹun dáadáa, ìṣirò ṣáá ló wà lẹ́nu wọn. Lánàá ni Bàbá rán Màmá sí mi. Màmá ò jẹ́ ẹ, torí inú ṣì ń bí wọn sí mi.
Mo ní, "Kí ni wọ́n ní kí ẹ sọ, Màmá?"
"Wọ́n ní kí n bi ọ́ pé, àwọn bàlúùnù tó sọnù yẹn, apá ibo ni wọ́n forí lé kí wọ́n tó pòórá?"
Ẹni tó ti gbà pé afẹ́fẹ́ ló gbé wọn lọ nìkan ló lè bi bẹ́ẹ̀. Mo tẹrí ba síbi etí Bàbá. Mo ní ìlà oòrùn ni, gbogbo wọn pátá. Ojú wọn là sílẹ̀, wọ́n ń wo àjà. Mo tún un sọ.
N kò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́.